Omi WC wa kì í dákẹ́, tánkì òkè sì ń tètè gbẹ: ṣé ká yọ ọ́ dànù ni?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Àkóbọ̀ ni mò ń gbé, n'Ìbàdàn. WC oníbọ́tìnnì méjì ló wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa. Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí, tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, omi á máa dún ṣììì nínú rẹ̀, kò ní dákẹ́. Nígbà mìíràn á dákẹ́, tó bá wá di òru, á tún ṣàdédé dún bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Tánkì 1,000 lítà tó ń tó wa lò fún ọjọ́ mẹ́rin tẹ́lẹ̀, ọjọ́ méjì ló ń gbẹ báyìí. Plọ́ńbà kan ní ká yọ WC náà dànù ká ra tuntun. Èkejì ní omi borehole wa ló lágbára jù. Ọmọkùnrin mi fi okùn so bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ sókè, ó dákẹ́ fún ọjọ́ kan, ó tún bẹ̀rẹ̀. Èwo ni ká ṣe?”

Mà, ẹ kú ìfaradà. Kéèyàn wà lórí ibùsùn lóru kó máa gbọ́ omi tó ń ṣòfò, ó ń dunni, pàápàá omi tó jẹ́ pé epo jẹnẹrétọ̀ la fi fà á sókè. Àmọ́ bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ìmọ̀ràn tó ń ta kora wọn ló dà yín lọ́kàn rú ju omi náà lọ. Mi ò ní fi ìmọ̀ràn kẹta kún un lórí ahọ́n lásán. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi ń gbà lọ. Iṣẹ́ tí ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe láàárọ̀ Sátidé kan ni, pẹ́ńsùlù àti búlúù aṣọ lẹ máa lò. Tí ẹ bá ti mọ ibi tó ń gbà lọ, ẹ ó mọ ohun tí ẹ máa rà, plọ́ńbà kankan ò sì ní lè fi ọ̀rọ̀ gbé yín lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bí omi náà ṣe pọ̀ tó ná. Tánkì 1,000 lítà tó ń lo ọjọ́ mẹ́rin túmọ̀ sí pé 250 lítà lẹ ń lò lójúmọ́. Tó bá wá ń gbẹ lọ́jọ́ méjì, 500 lítà ló ń lọ lójúmọ́, 250 lítà nínú rẹ̀ ni kò sẹ́ni tó lò ó. Létí, ó pọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá pín in sí ìṣẹ́jú, kò ju omi inú ọ̀rá pure water kan lọ ní bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìyẹn ni pé jíjò tí ẹ ò ní rí tí ẹ bá wo inú àwo WC láìfarabalẹ̀ ti tó láti gbé ìdajì omi ilé lọ. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń gbà fún ẹni tó bá ní “ó kàn ń dún díẹ̀ ni”. Omi náà ò sì pòórá o: inú soakaway ló ń lọ tààrà, tọ̀sántòru. Mo ti rí ilé tí wọ́n ń pe ọkọ̀ tó ń fa ẹ̀gbin léraléra nígbà òjò, tí wọ́n ń dá ilẹ̀ àdúgbò lẹ́bi pé kì í fa omi, tó jẹ́ pé WC yàrá àlejò tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ ló ń kún un.

Ẹni tó ní agbára borehole ló fà á, mo rí ibi tó ń wò, àmọ́ kò bá ilé yín mu bí ẹ ṣe kọ ọ́ yìí. Ẹ̀rọ borehole ń ti omi lọ sínú tánkì òkè. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ parí sí. Láti tánkì wá sí WC, ìwúwo omi fúnra rẹ̀ ló ń tì í wálẹ̀, bí tánkì bá sì ṣe ga tó ni agbára rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Bar la fi ń wọn agbára omi, mítà mẹ́wàá gíga ló sì ń fún wa ní bíi bar kan. Tánkì tó wà lórí irin ní mítà márùn-ún tàbí mẹ́fà, díẹ̀ ló máa fi ju ìdajì bar lọ, ball valve (ohun tó ń ti omi tó ń wọ tánkì WC pa) tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá á sì ti ìyẹn pa láìlàágùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti lè jẹ́ òótọ́ ni ilé tí wọ́n ti so ẹ̀rọ mọ́ páìpù ilé tààrà, tàbí tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ kékeré tó ń ru agbára omi sókè sí abẹ́ tánkì. Nírú ilé bẹ́ẹ̀, rọ́bà tó ti gbó á ṣì máa mú omi dúró. Tí iná bá dé, tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ti omi, á jọ̀wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ náà, rọ́bà tó gbó ni àrùn, agbára omi kàn tú àṣírí rẹ̀ ni.

Ti okùn ọmọ yín ńkọ́? Ọmọ dáadáa ni, ó gbìyànjú. Bọ́ọ̀lù tàbí ike tó ń léfòó nínú tánkì WC, tó bá ti gòkè, ṣe ló ń ti omi tó ń wọlé pa. Ó fi okùn gbé e sókè, omi ò wọlé mọ́, ariwo dá. Àmọ́ bí ìsàlẹ̀ bá ń jò, ohun tó wà nínú tánkì WC á jò lọ tán, ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn ìyẹn á tẹ bọ́tìnnì títí, korobá ló máa padà lọ gbé. Ẹ bá mi tú okùn náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni bíríkì tí àwọn kan ń gbé sínú tánkì WC: ó ń dín omi tí à ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dí ibì kankan, ó sì máa ń rà díẹ̀díẹ̀ nínú omi, iyanrìn rẹ̀ á wá lọ há sí abẹ́ rọ́bà gan-an.

Ojú ọ̀nà méjì péré ni tánkì WC ní. Omi ń gba ball valve wọlé, ó sì ń gba ìdí òpó àárín bọ́ sínú àwo. Lára òpó àárín yẹn ni ọ̀pá kan wà tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní overflow: bí omi bá kún kọjá bó ṣe yẹ, inú rẹ̀ ló máa ṣàn sí, á gba ibẹ̀ bọ́ sínú àwo dípò kó kún sí ilẹ̀ ilé. Nítorí náà, bí omi bá ń lọ láìdúró, yálà ọ̀nà ìwọlé ni kò tì, tí omi wá ń kún gba overflow lọ, tàbí ọ̀nà àbájáde ni kò tì, tí ball valve sì ń bu omi dípò èyí tó lọ láìsinmi. Inú àwo kan náà ni méjèèjì ń dé, ìyẹn ló fi jẹ́ pé plọ́ńbà méjì lè dúró níwájú WC kan kí wọ́n sọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohùn rẹ̀ sábà máa ń tú u fó. Ṣììì tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí kò dúró rárá sábà jẹ́ ti ọ̀nà ìwọlé. Èyí tó dákẹ́ fún wákàtí kan tó wá ṣàdédé dún fún ìgbà díẹ̀ lóru, ìsàlẹ̀ ló ń jò. Kì í ṣe àǹjọ̀nnú: omi ti jò díẹ̀díẹ̀ títí ìléfòó fi wálẹ̀, ó ṣí ball valve, omi díẹ̀ wọlé, ó tún tì. Ohùn méjèèjì lẹ kọ sí mi nínú lẹ́tà kan. Èmi ń fura sí ìsàlẹ̀ ju òkè lọ, torí bí ìsàlẹ̀ bá ń jò púpọ̀, ball valve ò ní ráyè tì délẹ̀, ṣììì náà ni yóò máa ṣe. Àmọ́ ìfura ni, ẹ jẹ́ ká dán an wò.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ mọ ibi tí ẹ ti lè ti omi gbogbo ilé pa, ìyẹn gate valve abẹ́ tánkì òkè. Angle valve, táàpù kékeré tó wà lára ògiri lẹ́yìn WC, tí wọn ò bá ti yí i láti ọdún gbọ̀ọ̀rọ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í kán omi lọ́rùn tàbí kí orí rẹ̀ ṣẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìdérí. Bọ́tìnnì ló dì í mú: ti àwọn kan, ẹ ó yí òrùka tó yí bọ́tìnnì ká, ti òmíràn, ẹ ó tẹ apá kan wọlé, ẹ ó wá yí i sọ́wọ́ òsì. Ẹ má fà á tipátipá. Ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ìdérí lé e, torí tánganran ni, bó bá fọ́, ìdérí nìkan ṣòro láti rí rà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú rẹ̀ nígbà tó ń dún lọ́wọ́. Ṣé omi ti dé ẹnu overflow, tó ń yọ́ wọnú rẹ̀? Òkè ni àrùn wà. Àbí omi ò tíì dé ẹnu overflow, síbẹ̀ tó ń dún? Ìsàlẹ̀ ni.

Kó lè dá yín lójú, ẹ jẹ́ kó kún, ẹ ti angle valve. Bí omi bá ti dé ẹnu overflow, ẹ fi ife bu díẹ̀ kúrò. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí ara tánkì WC nínú, níbi tí omi dé, ẹ po búlúù díẹ̀ nínú ife kẹ́ ẹ dà á sínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì tẹ̀ ẹ́ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí omi bá fi ìlà náà sílẹ̀, tí omi inú àwo sì ti yí padà sí búlúù, ìsàlẹ̀ ń jò, ẹjọ́ ti parí. Bí omi ò bá kúrò lójú ìlà, tí omi inú àwo sì mọ́, ìsàlẹ̀ yè, ball valve ló jẹ̀bi. (Ẹni tó bá ń fi òkúta olóòórùn dídùn tó ń sọ omi di búlúù sí tánkì WC, kó yọ ọ́, kó sì tẹ omi rẹ̀ dànù kó tó dán èyí wò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní mọ búlúù wo ló ń rí.)

Ká ní ìsàlẹ̀ ni, bí mo ṣe fura. Kẹ́ ẹ tó dá rọ́bà lẹ́bi, ẹ wo bọ́tìnnì. Àwọn ọ̀pá ike méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń tẹ òpó àárín. Bí wọ́n bá gùn jù, tí ẹ bá ti dé ìdérí, wọ́n á máa tẹ òpó náà ní gbogbo ìgbà, rọ́bà ìdí rẹ̀ ò sì ní jókòó délẹ̀. Àmì rẹ̀ ni pé tí ẹ bá ṣí ìdérí, jíjò á dúró. Tí ẹ bá dé e padà, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ yí ọ̀pá náà wọlé kó kúrú díẹ̀. Kò ná yín ní kọ́bọ̀, ó sì wà lára ohun tí àwọn èèyàn ń torí ẹ̀ ra WC tuntun.

Bí kì í bá ṣe bọ́tìnnì, ẹ yọ òpó àárín. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ẹ ó di orí rẹ̀ mú, ẹ ó yí i díẹ̀ sọ́wọ́ òsì, á gbé sókè. Rọ́bà roboto pẹlẹbẹ kan wà ní ìdí rẹ̀. Ẹ fi ìka pa á yíká. Omi borehole tó ní irin nínú, irú èyí tó ń sọ aṣọ funfun di pupa rẹ́súrẹ́sú, máa ń lẹ nǹkan pupa kan mọ́ rọ́bà náà, tí yóò máa yọ̀ lọ́wọ́. Hóró iyanrìn kan péré ti tó kí rọ́bà má jókòó dáadáa, bí ìdérí ìkòkò tí eegun há sí létí. Ẹ fi kànìnkànìn rírọ̀ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì fọ ibi tó ń jókòó lé nínú tánkì WC. Ẹ má fi irin ìfọkòkò ha ibẹ̀, torí bó bá ti ní ìlà, kò ní dí mọ́. Bí rọ́bà náà bá ti wú, tó ń fi dúdú pa yín lọ́wọ́, tàbí tó ti jìn wọnú níbi tó ń jókòó lé, ó ti kú. Ẹ lè yọ ọ́ kẹ́ ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, apá tó mọ́ á bá yín dí i fún ìgbà díẹ̀ títí ẹ ó fi rí òmíràn rà. Ohun tó sábà ń pa á ṣáájú ọjọ́ rẹ̀ ni blíìṣì àti àwọn òkúta olóòórùn dídùn yẹn tí à ń jù sínú tánkì WC. Inú àwo ni kẹ́ ẹ máa da blíìṣì sí.

Bó bá wá jẹ́ òkè ni, ó yẹ kí omi dúró ní bí ínǹṣì kan sísàlẹ̀ ẹnu overflow. Ẹ fọwọ́ gbé ìléfòó náà sókè. Bí omi bá dá wáí, ball valve yè, ibi tí wọ́n fi ìléfòó sí ló ga jù. Lára èyí tó jẹ́ ike, ṣíkírúù kan wà tí ẹ máa yí kí ìléfòó lọ sísàlẹ̀. Lára ti àtijọ́ tó ní apá irin àti bọ́ọ̀lù, ẹ ó tẹ apá náà sísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ o! Èèyàn púpọ̀ ń tẹ̀ ẹ́ sókè, omi á wá kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ tún mi bọ́ọ̀lù náà: bí omi bá ń dún nínú rẹ̀, ó ti lu, kò lè léfòó mọ́. Bí ẹ bá gbé ìléfòó sókè tí omi ò dúró, á jẹ́ pé wọ́ṣà inú ball valve ti gbó tàbí iyanrìn há sí i. Èyí wọ́pọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ tánkì òkè, tàbí tí tánkì bá gbẹ kanlẹ̀ kí wọ́n tó fa omi sí i, torí pàǹtí ìdí tánkì ló ń kọ́kọ́ bá páìpù wálẹ̀. Bí tánkì yín ṣe ń gbẹ lọ́jọ́ méjì méjì yìí, ó ṣeé ṣe kí jíjò ìsàlẹ̀ ti bí èyí náà. Ẹ ti omi, ẹ ṣí orí ball valve, ẹ yọ wọ́ṣà, ẹ fi ife dé e lórí kẹ́ ẹ ṣí angle valve fẹ́ẹ́rẹ́ kí omi ti iyanrìn náà jáde. Ẹ wo rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti ara ball valve wọ overflow náà, tí tiyín bá ní in. Bí wọ́n bá kì í wọlé jù débi tí ẹnu rẹ̀ fi wà nísàlẹ̀ ojú omi, á máa fa omi tánkì WC lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ gé e kúrú.

Àwọn tó ń lo irú WC mìíràn náà á ka èyí. Àwọn ilé àtijọ́ tó ní WC ọlọ́wọ́ irin ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, siphon ló sábà wà nínú wọn: kò sí rọ́bà kankan ní ìdí tó ń dá omi dúró, ṣe ni wọ́n ń gbé omi fo orí kọ̀rọ̀ kan kó tó lè jáde. Nítorí náà bí irú rẹ̀ bá ń ṣàn, ball valve ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, títí wọ ọdún 2001, òfin ò gba irú tó ní rọ́bà ìdí láyè nínú ilé, kí omi má bàa ṣòfò. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù nínú ilé àtijọ́, ẹ lè bá siphon pàdé dáadáa. Ti Amẹ́ríkà, rọ́bà onídèérí tí ṣéènì fà mọ́wọ́ ló wọ́pọ̀. Ṣéènì tó kúrú jù kì í jẹ́ kó dé, èyí tó gùn jù sì máa ń há sí abẹ́ rẹ̀.

Ní ti rírà, bó bá jẹ́ rọ́bà ìdí tàbí wọ́ṣà nìkan ló bàjẹ́, òun nìkan ló yẹ kẹ́ ẹ pààrọ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín: ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ń ta nǹkan plọ́ńbà kì í tà á lọ́tọ̀, fitting (gbogbo ohun inú tánkì WC pọ̀) lódindi ni wọ́n máa gbé fún yín. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ, ẹ fi wéra lójú ẹni tó ń tà á, nítorí ohun tó jọra wọn lójú kì í sábà bára wọn mu nídìí. Pípààrọ̀ ball valve rọrùn, kò kan ìdí òpó àárín. Pípààrọ̀ gbogbo òpó àárín ló le díẹ̀, torí nínú WC tí tánkì rẹ̀ jókòó lórí àwo, wọ́n gbọ́dọ̀ tú bóòtù méjì kí wọ́n tó gbé tánkì náà sílẹ̀. Bóòtù tó ti dógùn-ún lè ní kí wọ́n fi ayùn irin gé òun. Èmi á ní kẹ́ ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ fún èyí, kẹ́ ẹ sì dúró tì í: rọ́bà tuntun ni kó fi sí àárín tánkì àti àwo, kó má sì di nọ́ọ̀tì ike ju agbára ọwọ́ lọ. Ibi tí wọ́n ti ń fi sípánà fún un ni tánganran ti ń sán. WC tuntun lódindi ni mo máa fọwọ́ sí bí tánkì tàbí àwo bá ti sán, tàbí tó bá jẹ́ irú tí ẹ wá fitting rẹ̀ tì. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ yọ ọ́ láìṣí ìdérí wò, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló rí. Owó WC nìkan kọ́ lẹ máa san: táìlì tó máa fọ́ nídìí rẹ̀ àti sìmẹ́ǹtì wà níbẹ̀.

Mi ò rí WC yín lójú, èyí tí wọ́n ri tánkì rẹ̀ mọ́ inú ògiri kò sì sí nínú gbogbo ohun tí mo sọ yìí. Títí ẹ ó fi tún un ṣe, ẹ máa ti angle valve tí ilé bá fẹ́ sùn, kẹ́ ẹ sì gbé korobá omi kan sí ìtòsí. Bí búlúù ò bá jáde, tí overflow sì gbẹ, àmọ́ tí tánkì òkè ṣì ń gbẹ lọ́jọ́ méjì, WC yín ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ ti gate valve abẹ́ tánkì òkè lálẹ́, ẹ fi igi gbígbẹ wọn jíjìn omi inú rẹ̀, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n láàárọ̀. Bó bá ti dín, tánkì fúnra rẹ̀ tàbí ibi tí wọ́n ti so páìpù mọ́ ọn nídìí ló ń jò. Bí kò bá dín, á jẹ́ pé táàpù kan níta tàbí páìpù inú ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá, ti inú ilẹ̀ yẹn sì gba ẹni tó máa wá sílé yín pẹ̀lú irinṣẹ́ lọ́wọ́.